Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ìlera: Ẹ̀jẹ̀ Wa Wà Nínú Ìwádìí, Ẹ̀dọ̀ Wa Ò Sí Níbẹ̀

Sí Mínísítà fún Ètò Ìlera àti Ìgbáyégbádùn Àwùjọ, Àbújá. Àti sí ẹ̀yin alákòóso NICRAT, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ̀yin àgbà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín kò gba kí n máa lọ́ ọ ká, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ yín ṣe ìfilọ́lẹ̀ Project 365, pé ẹ fẹ́ lé àrùn mẹ́dọ̀wú C lọ, kí ẹ sì dá ìtànkálẹ̀ mẹ́dọ̀wú B dúró kó tó di 2030. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè sọ pé kò dáa. Àwọn tí mò ń kọ lẹ́tà nítorí wọn ni àwọn tí ètò náà ti pẹ́ jù fún: àwọn tí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B ti ń gbé inú ẹ̀dọ̀ wọn láti kékeré, tó ti wá di jẹjẹrẹ. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń wá bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣe ń borí ọmọ ogun ara, wọ́n sì ti ń fi ohun tí wọ́n rí ṣe oògùn àti àyẹ̀wò. Wọ́n ń wá a láìsí àwa tó ń tètè pa níbẹ̀, àwọn tó yẹ kó bá wa jà sí i ò sì sọ nǹkan kan. Ẹ̀sùn mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tò ó.

1. Àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń pa lọ́dọ̀ wa kì í ṣe arúgbó.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ní 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní NAIIS, rí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B lára ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Ní 2017, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn *Lancet Gastroenterology & Hepatology* tó kó àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jọ láti Íjíbítì àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ní Íjíbítì, ọjọ́ orí àárín àwọn aláìsàn náà jẹ́ 58. Ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, tiwa nínú wọn, 46 ni. Ẹ̀mí àwọn ti Íjíbítì gùn tó oṣù 10.9 lẹ́yìn tí wọ́n mọ àrùn náà, tiwa ò ju oṣù 2.5 lọ.

Bó ṣe máa ń rí ní yàrá àyẹ̀wò nìyí. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan á dé láàárọ̀. Ọjọ́ orí: 41. Iṣẹ́: mẹkáníìkì. Dókítà ní ká wo AFP, prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó sábà máa ń ga bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bá wà. A ó gbé e sẹ́rọ, ẹ̀rọ á ní iye náà ti kọjá ibi tí òun lè kà dé. A ó là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ̀rọ á tún sọ bákan náà. Ìgbà tí a bá là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ló tó mú iye jáde. Ìyàwó rẹ̀ tó gbé ìgò náà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì lóde, ó ń bi ẹni tó bá kọjá pé ṣé ibà pọ́njú lásán ni, torí ojú ọkọ òun pọ́n, inú rẹ̀ sì wú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a lóhùn.

2. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń rí nínú ẹ̀dọ̀ tí jẹjẹrẹ mú.

Àwọn dókítà tó yí Mínísítà ká mọ èyí, ṣùgbọ́n ará ìlú náà ń ka lẹ́tà yìí, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi dù wọ́n.

DNA dà bí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà kẹ́míkà kọ sínú sẹ́ẹ̀lì, ara rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń da RNA kọ. Èyí tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé ni RNA ìránṣẹ́, tó ń jíṣẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe prótéènì. Ṣùgbọ́n apá tó ń sọ̀rọ̀ prótéènì nínú DNA wa kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ RNA mìíràn wà tí kì í ṣe prótéènì kankan, àwọn onímọ̀ sì kà wọ́n sí pàǹtí fún ọdún gbọọrọ. Wọn kì í ṣe pàǹtí. Àwọn kan kúrú gan-an, bíi lẹ́tà 22 péré. Wọ́n ń pè wọ́n ní microRNA. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìránṣẹ́, kí wọ́n dí i lẹ́nu kó má lè jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn mìíràn gùn ju lẹ́tà 200 lọ. Àwọn mìíràn so orí mọ́ ìdí, wọ́n di róbótó, wọ́n sì máa ń fa microRNA mọ́ra kó má ráyè ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí microRNA ni wọ́n ṣe fún Victor Ambros àti Gary Ruvkun ní ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Inú aràn tín-ín-rín kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993.

Nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan tó ń jẹ́ miR-122 ló pọ̀ jù. Òun nìkan tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo microRNA tó wà níbẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ yọ ọ́ kúrò lára èkúté. Ẹ̀dọ̀ èkúté náà sanra, ó wú, nígbẹ̀yìn ó di jẹjẹrẹ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú, miR-122 kan náà ló ti joro.

Ibi tó kan ọmọ ogun ara ni mo fẹ́ kí Mínísítà fara balẹ̀ sí. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè bínú. Ohun tí a jẹ tí ìfun fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà, tó bá sì ń gbógun ti gbogbo àlejò tó bá wọlé, ara ò ní sinmi. Ìfaradà yẹn gan-an ni jẹjẹrẹ ń fara pamọ́ sí. Ní 2012, ìwádìí kan láti Ṣáínà fi hàn pé níbi tí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B bá ti ń gbé, ọwọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ TGF-beta máa ń lágbára, á tẹ miR-34a mọ́lẹ̀. Nígbà tí miR-34a ò bá sí lójúfò mọ́, èròjà mìíràn, CCL22, á pọ̀, òun ló sì ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì T apẹ̀tùsíjà wá. Àwọn yẹn á ní kí ọmọ ogun yòókù sinmi, jẹjẹrẹ á sì ráyè wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹ̀dọ̀. Ní 2020, àwọn mìíràn tún rí RNA róbótó kan, circUHRF1, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń dì sínú àpò tín-ín-rín, tó ń jù ú sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì NK, tó yẹ kó pa jẹjẹrẹ, á gbé àpò náà mì, á sì di aláìlágbára. Àwọn tí èyí bá pọ̀ lára wọn, oògùn tó ń tú ọmọ ogun ara sílẹ̀, irú èyí tó ń dènà PD-1, ìyẹn ìjánu ara ọmọ ogun náà, lè má ràn wọ́n.

Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn fi ilé àti ọkọ̀ ra oògùn, kí RNA kan tí wọn ò yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti sọ oògùn náà di omi. Nínú ìwádìí IMbrave150 tó jáde ní 2020, tó fi oògùn méjì, atezolizumab àti bevacizumab, pọ̀, nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ wọn sún kì dáadáa. Ta ni yóò wà nínú 27 yẹn? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wá ìdáhùn nínú irú RNA tí mo sọ yìí.

3. Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ wa wà, kí ẹ wo ibi tí kò sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, na apá wọn sílẹ̀ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ń to ìyàtọ̀ inú jíìnì èèyàn. Àmì wọn ni YRI: Yorùbá, Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé gíga lágbàáyé tó ń ṣiṣẹ́ jíìnì ló ti lo YRI. Ní 2013, iṣẹ́ Geuvadis ka RNA èèyàn 462, títí kan microRNA wọn, Yorùbá Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ará ilé wa kì í gbà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn fún ìwádìí. Wọ́n gbà. Gbogbo ayé ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni, tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr sọ di aláìkú kó lè máa dàgbà nínú àwo. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀. Nígbà tó wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ gan-an, ẹ kà á: iṣẹ́ TCGA ti Amẹ́ríkà, tó ń ka jíìnì inú jẹjẹrẹ, tí ọ̀pọ̀ ìwé lórí RNA jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ gbára lé, tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017 lórí aláìsàn 363. Àwọn aláwọ̀ dúdú inú gbogbo àkójọ náà ò pé 20. IMbrave150 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, èèyàn 501 ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 17: kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kan nínú wọn. Àyẹ̀wò oní-microRNA méje tí Ṣáínà fọwọ́ sí ní 2017, tó lè rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nígbà mìíràn tí AFP ò gbé sókè, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe é. N kò bá Ṣáínà jà o. Àrùn ìlú wọn ni wọ́n ń tọ́jú, owó wọn ni wọ́n ná. Èmi ì bá fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti àwọ̀ ara lásán. Ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni E. B àti C ló wọ́pọ̀ ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí wọ̀nyí. Lọ́dọ̀ wa, aflatoxin, májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, tún ń bá fáírọ́ọ̀sì náà dọ́wọ̀ọ́, ó ń ba TP53, jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, jẹ́ ní ojú kan pàtó. Jẹjẹrẹ tí ọtí tàbí ọ̀rá fà lára ẹni tó ń gbé ní Texas ò lè sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ mẹkáníìkì ọmọ ọdún 41 kan ní Ìbàdàn.

Ewu sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi miR-34a àtọwọ́dá ṣe oògùn. MRX34 lorúkọ rẹ̀, ó sì dé ara èèyàn ní 2013. Wọ́n dá a dúró ní 2016 torí pé ọmọ ogun ara àwọn aláìsàn kan ya bo wọ́n fúnra wọn, èèyàn mẹ́rin sì kú. Oògùn irú èyí ò ní tán lórí àtẹ. Bí òmíràn bá dé lọ́la, tí wọ́n ní ó ti yege, ara ta ni ó ti yege?

4. Wọ́n á ní a ò ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wà. Iná ni kò sí.

ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì tó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta 2020. Ẹ̀rọ tó ń ka fáírọ́ọ̀sì lè ka RNA èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò wà nílé, wọn ò tíì tán sí London.

Ohun tí kò tó lọ́wọ́ wa ni ibi tí a ó fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí. A ò sì ní láti gé ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni: púpọ̀ nínú RNA tí mò ń sọ yìí ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò kan tó. Àmọ́ ìgò yẹn ní ìwà. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yí i lẹ́rọ kí omi ẹ̀jẹ̀ yà sọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, tàbí tí ọ̀kadà gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bọ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, miR-451 inú wọn á tú jáde, èsì á sì dàrú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀. Tí omi ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún bá pọ́n díẹ̀ bíi sóbò tí wọ́n fi omi là, kó dà á nù. Lẹ́yìn náà, fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo, tí iná ò gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀. NEPA mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ ọdún mẹ́ta ti di omi lásán. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ló mọ ìtàn yìí. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí.

5. "A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá."

Mo mọ̀ pé ẹnìkan níléeṣẹ́ yín á sọ ọ́: ẹ jẹ́ ká fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ná, ká tó máa sọ RNA. Mo gbà, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Taiwan bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B fún ọmọ tuntun ní 1984, ó kọ́kọ́ jẹ́ fún ọmọ àwọn ìyá tó ní fáírọ́ọ̀sì náà, kó tó kárí gbogbo ọmọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 wá já láti 0.70 sí 0.36 nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ. Ọmọ jòjòló tí fáírọ́ọ̀sì náà bá wọ ara rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i.

Ṣé ẹ ti wá ṣe ìyẹn tán? Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ náà ti wọ ètò wa. Ìwádìí NDHS ti 2018 ní ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni wọ́n bí sílé ìwòsàn. Èyí tí wọ́n sì bí síbẹ̀ náà ńkọ́? Ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B wa gba ọmọ mẹ́wàá. Ìyá bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun nìkan ló bímọ lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ò fẹ́ ṣí ìgò torí ọmọ kan. "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́." Ọjọ́ abẹ́rẹ́ di ọjọ́ kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ìgò BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, ni wọ́n gbọ́dọ̀ dà nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ti mẹ́dọ̀wú B, Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà á kó wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwé àṣẹ ojú ewé kan láti Àbújá, tí ẹ bá tẹ̀lé e lẹ́yìn, á gba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ là. Bákan náà ni Aflasafe, ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí aflatoxin má bàa pọ̀ nínú irè, tí IITA ní Ìbàdàn níbí ti ṣe, tí NAFDAC ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ alágbàdo wa ló ti fojú kàn án?

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò lè wo ẹni tó ti dàgbà pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì náà. Ìdá 8.1 yẹn ò ní lọ síbì kankan fún ogójì ọdún sí i. Ẹ ò lè fi abẹ́rẹ́ ọmọ tuntun dá wọn lóhùn.

6. Owó.

Nígbà tí ìjọba gbé Owó Ìrànwọ́ Jẹjẹrẹ kalẹ̀ fún aláìní, jẹjẹrẹ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, àti ti kókó inú ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate. Ti ẹ̀dọ̀ ò sí níbẹ̀. Ṣé torí pé ó ń tètè pani tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìbéèrè ò ní tíì dé Àbújá kí aláìsàn tó kú ni?

7. Ohun tí a ń béèrè.

Kí ẹ fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kún àwọn tí owó ìrànwọ́ náà ń bò, ó kéré tán fún àyẹ̀wò ultrasound àti AFP ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún àwọn tí mẹ́dọ̀wú B ti wà lára wọn, àti tenofovir, oògùn tó ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà mọ́lẹ̀, fún àwọn tó yẹ kó máa lò ó.

Kí NICRAT dá ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú iná oòrùn àti náítrójìn olómi, kó má jẹ́ iná NEPA nìkan ló gbé e ró. Kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, kó tó tẹ̀ka. Kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde nílẹ̀ yìí lọ sí yàrá ìwádìí òkè òkun, onímọ̀ ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ bá a lọ, kó sì jọ ni èsì.

Kí ẹ yà owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí kan ṣoṣo láti bẹ̀rẹ̀: RNA inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú B ẹ̀yà E, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣì dá ṣáṣá, àwọn tó ti le, àti àwọn tó ti di jẹjẹrẹ. Kí ẹ sì dán àyẹ̀wò oní-microRNA méje tó ti wà yẹn wò lára wa, ká mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò gba kí a dá ẹ̀rọ tuntun kankan sílẹ̀.

Ní ti NAFDAC, kí ẹ ní kí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ta oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún wa sọ iye ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ìwádìí rẹ̀, kí wọ́n kọ iye náà sára páálí.

Àyájọ́ mẹ́dọ̀wú mìíràn á tún dé ní ọjọ́ 28 oṣù Keje. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa ní gbangba ilé ìwòsàn tí fírísà àkọ́kọ́ máa wà, ọdún tí wọ́n máa gbé e dé, àti ẹni tó máa san owó iná rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, Ìbàdàn.